Téèpù tó ń dí òrùlé tó ń jò: Ohun tí olówó ò mọ̀ kó tó rà á ló ń dá a lóró

Òjò ò tíì dá, báfù mẹ́ta ti wà nílẹ̀ pálọ̀, ìyá ilé sì ń wá ìkẹrin káàkiri. Ẹ̀kán kan á bọ́ sórí tẹlifíṣàn, òmíràn á bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé ló mọ orin yìí dáadáa. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí bàbá ilé ń lọ síbi iṣẹ́, á bá ọmọkùnrin kan pàdé níbi tí ọkọ̀ ti sún kẹrẹ fà kẹrẹ, tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lu ihò sí lára dání. Ọmọkùnrin náà á gé téèpù kan tó ń dán bíi fàdákà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, á da omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á sì gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹ̀kán kan ò ní bọ́. Kí ọkọ̀ tó ráyè lọ, ó ti ta mẹ́ta.

Ọmọkùnrin yẹn ò purọ́. Téèpù náà dí omi lóòótọ́. Ohun tí kò sọ, tó sì ṣeé ṣe kí òun gan-an má mọ̀, ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́, ó gbẹ, ara rẹ̀ ń dán, kì í sì í ṣe abẹ́ oòrùn ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Páànù tó ti lo 20 ọdún lórí ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn méjì fi lè ra téèpù kan náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà, kí ti ọ̀kan dí ilé rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí ti èkejì sì ti ṣí kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí, táá wá máa pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ayédèrú wà lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ojúlówó ni wọ́n tà fún un, ó ṣeé ṣe kó ṣí bákan náà. Nǹkan méjì ló sábà máa ń jẹ owó àwọn tó ń ra téèpù: wọ́n ra èyí tí kì í ṣe tiṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, tàbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ eruku.

Orúkọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ì báà jẹ́ Odun-Ade l'Órílé l'Ékòó tàbí Ògùnpa n'Íbàdàn, tó bá ní téèpù lòun fẹ́, nǹkan bíi márùn-ún ni wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀. Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà tí àwọn púlọ́ḿbà ń lò. Dúdú wà tó jẹ́ tàwọn oníná. Aláṣọ tó dà bíi fàdákà wà. Èyí tó nípọn, tó ní alumíníọ̀mù lẹ́yìn, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, wà. Téèpù ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò pa pọ̀ rárá.

Aláṣọ ló lókìkí jù nínú wọn, obìnrin kan ló sì wà nídìí ìtàn rẹ̀. Lọ́dún 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì, Vesta Stoudt ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ní ìpínlẹ̀ Illinois, l'Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì wà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Obìnrin yìí ṣàkíyèsí pé téèpù oníbébà ni wọ́n fi ń lẹ páálí ọta ìbọn, tí wọ́n á wá rì í bọ inú ìda kí omi má baà wọlé, àti pé etí téèpù náà máa ń já bí sójà bá fà á. Ó rò ó pé bí ọ̀tá bá dójú kọ sójà, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá páálí jà. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ tí omi ò lè wọ̀ ṣe téèpù náà, àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan sí i. Ni màmá náà bá kọ lẹ́tà, ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún náà, ó fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ Roosevelt fúnra rẹ̀, ó tún yàwòrán ohun tó ń wí sí i. Ààrẹ gbé ọ̀rọ̀ náà fún àjọ tó ń bójú tó ohun èlò ogun, wọ́n fọwọ́ sí i, iléeṣẹ́ Johnson & Johnson sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nígbà tó di ọdún 1970, tí ọkọ̀ òfuurufú Apollo 13 bàjẹ́ lọ́nà òṣùpá, téèpù aláṣọ wà lára ohun tí àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ fi so ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ pọ̀ tí wọ́n fi padà wálé láàyè.

Òkìkí yìí ló ń mú káwọn èèyàn máa rò pé kò sóhun tí kò lè dí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1998, Max Sherman àti Iain Walker, àwọn onímọ̀ méjì ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California, kó oríṣiríṣi téèpù àti gọ́ọ̀mù jọ, wọ́n sì dán wọn wò lára páìpù tí afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù ń gbà kọjá. Téèpù aláṣọ yìí ló jákulẹ̀ nínú wọn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò lè bá ooru gbé pẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí nínú ilé àwọn òyìnbó, mélòómélòó wá ni páànù tí ẹsẹ̀ lásán ò lè tẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kejì? Téèpù aláṣọ dára fún àpótí, fún tapólì tó ya, fún bọ́ǹpà ọkọ̀ tó fẹ́ já títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kì í ṣe ti orí ilé. Téèpù dúdú tàwọn oníná náà kì í ṣe ti orí ilé, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dènà, bí oòrùn bá sì pa á díẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á máa yọ̀.

Èyí tó ní alumíníọ̀mù lẹ́yìn ni ti páànù. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní butyl ni wọ́n fi ṣe gọ́ọ̀mù ojúlówó rẹ̀. William Sparks àti Robert Thomas, tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ epo Standard Oil ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe rọ́bà náà jáde lọ́dún 1937. Afẹ́fẹ́ àti omi kì í tètè gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti rọ́bà tó ń jáde lára igi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe túùbù inú táyà. Àwọn bàbá tí wọ́n máa ń lọ tọrọ túùbù àlòkù lọ́wọ́ fọkanáísà, tí wọ́n á gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á sì fi wé páìpù tó ń jò, kì í ṣe òpè. Ohun tí wọ́n ń tà ní róòlù lónìí náà ni wọ́n ń lò, gọ́ọ̀mù nìkan ni ò sí lára tiwọn. Alumíníọ̀mù tó wà lẹ́yìn téèpù ló ń gba ìyà oòrùn, kí rọ́bà tó wà lábẹ́ má baà gbẹ kó sì sán.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kóòtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, ni wọ́n fi ṣe gọ́ọ̀mù tiwọn, àmọ́ tí alumíníọ̀mù ẹ̀yìn wọn àti páálí wọn jọ ti butyl bí ìbejì. Kóòtà ò burú, ó lè dí omi fún sáà kan, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń yọ́ ọ, bó bá sì pẹ́ á gbẹ, á sì sán. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó butyl lórí rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ etí gọ́ọ̀mù náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ìka bá dúdú, tó sì ń rùn bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kóòtà ni. Butyl máa ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, kì í sì í sábà kun èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mítà 5 ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 10. Ẹni tó bá ta èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní owó tó dín díẹ̀ sí ti 10 ti jèrè lórí oníbàárà, nítorí ìdajì ọjà ló gbé fún un. Páálí tí wọ́n kọ “waterproof” gàdàgbà sí, tí kò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, tí kò sọ bí ooru tó lè gbà ṣe tó, tí kò sì sí orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, kò yẹ kó wọlé èèyàn. Láti ọdún 2005 ni àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní ètò SONCAP fún ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé, MANCAP sì ni ti èyí tí wọ́n ṣe nílé. Oníṣòwò tó bá ń kó ọjà yìí lọ́pọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó ń já a fún un, torí òun ni oníbàárà máa wá bá bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, kì í ṣe ẹni tó wà ní Ṣáínà.

Bí téèpù bá ti dára, ó ku ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ibi tí omi ti ń kán sínú yàrá kọ́ ló sábà máa ń gbà wọlé. Omi lè gba ojú ìṣó tó wà lókè wọlé, kó máa tọ igi òrùlé bọ̀ wálẹ̀, kó tó wá rí ibi já bọ́ lórí àjà. Ẹni tó bá kàn lọ lẹ téèpù sí ọ̀kánkán ibi tí báfù wà ti fi owó ṣòfò. Lọ́sàn-án gangan, kí ẹnì kan wọ inú àjà kó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹni tó wà lókè rọra máa da omi sí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ilé pariwo nígbà tó bá rí i tó ń wọlé. Káfíńtà tó mọ ibi tí igi wà lábẹ́ páànù ló yẹ kó gun òkè. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ò tó owó ẹsẹ̀ tó kán.

Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos bò yàtọ̀. Kì í gbé èèyàn, ó lè dá lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó tún burú jù ni pé bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á tàbí tí wọ́n fi sáńpépà fá a, eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ha asbestos nítorí téèpù.

Lórí páànù, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìṣó tó ti yọrí padà, nítorí téèpù ò lè di páànù tó ń gbọ̀n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á wá fi aṣọ mímọ́ tó ní spirit, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, nu ún. Àwọn kan máa ń lo kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù. Kẹrosíìnì máa ń fi òróró sílẹ̀, téèpù ò sì ní mú. Ti bẹntiróòlù ò ṣe é sọ, iná ló ń pè.

Kí téèpù kọjá ojú ihò tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ihò bá fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi páànù pélébé bò ó, kí wọ́n tó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yí ká. Kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé igun téèpù kó rí róbótó, torí igun tó mú ṣóńṣó ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ máa ń ká a. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa ya bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ rẹ̀. Ìgò tó ṣe roboto tàbí ẹ̀yìn ṣíbí lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Bó bá jẹ́ pé téèpù méjì ló máa pàdé, ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lẹ̀, kí ti òkè wá gùn ún, bí páànù ṣe ń gun ara wọn. Ẹni tó bá ṣe é lódìkejì ti la ẹnu sílẹ̀ de omi.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é tún ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí téèpù àfi bí òjò bá ti ń rọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù tó tutù. Kò ní mú. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ló dára jù, bí wọ́n bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Ẹni tó bá ti pẹ́ jù lè dúró de ìsinmi díẹ̀ tí òjò sábà máa ń mú nínú oṣù kẹjọ nílẹ̀ Yorùbá. Kí wọ́n ṣe é láàárọ̀ lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ, tí páànù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ tí kò tíì jóni.

Ọ̀rọ̀ páìpù àti táńkì yàtọ̀ pátápátá, níbẹ̀ ni téèpù sì ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Omi òjò ń ṣàn lọ lórí páànù ni, omi inú páìpù ń ti ìta. Bí táńkì bá wà lókè tó mítà 10, agbára tí omi fi ń ti páìpù ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 14 lórí géèjì fọkanáísà, bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 30 ni wọ́n ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ kékeré. Ta ló máa fi téèpù lẹ táyà tí afẹ́fẹ́ ń yọ lára rẹ̀? Téèpù sílíkónì wà tí kò ní gọ́ọ̀mù rárá, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti omi pa, tí wọ́n jẹ́ kí páìpù gbẹ, tí wọ́n fa téèpù náà dáadáa, tí wọ́n sì ń wé e kí ìlọ́po kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú, ó lè mú omi dúró títí púlọ́ḿbà á fi wá gé ibẹ̀ kúrò. Ọjọ́ díẹ̀ ló rà fún onílé, kò tún páìpù ṣe.

Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàwọn púlọ́ḿbà ní tirẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Orí ìlà tó wà lẹ́yìn ẹnu páìpù ni wọ́n ń wé e sí kí wọ́n tó ti ẹnu rẹ̀ bọ ìkejì, bí ẹnu páìpù bá sì kọjú sí ẹni tó ń wé e, apá ibi tí ọwọ́ aago ń lọ ni yóò máa wé e sí. Ẹni tó bá ń wé e mọ́ ẹ̀yìn páìpù tó ń jò, gèlè ló ń wé fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kéré omi tó ń kán. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ ẹ̀kán 86,400 láti òwúrọ̀ dọjọ́ kejì. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé 20 ẹ̀kán ló ń kún mìlílítà kan, ó ju lítà 4 lọ lójoojúmọ́, lára omi tí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ fà.

Táńkì oníke tó sán lókè ṣeé lẹ̀ láti ìta, bí wọ́n bá ti jẹ́ kí omi lọ sílẹ̀ kọjá ibi tó sán náà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ràn irú ike yẹn. Èyí tó bá sán nísàlẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń fi ooru jó ike pọ̀ ló yẹ kó dé. Kí wọ́n má lẹ téèpù sínú táńkì omi mímu, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó yẹ fún omi mímu. Ní ti rọ́bà gáàsì tó ń jò, táńkì epo jẹnẹrétọ̀ àti wáyà iná tó ti bó, kò sí téèpù òrùlé kankan tó jẹ́ tiwọn. Rọ́bà gáàsì tó bá ti lá, tuntun ni kí wọ́n rà. Alumíníọ̀mù tó wà lẹ́yìn téèpù òrùlé máa ń gbé iná, ẹni tó bá fi wé wáyà ti dẹ pańpẹ́ fún ara ilé rẹ̀.

Láàárín onílé àti ayálégbé, téèpù yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí, yóò sì tún dá a sílẹ̀. Ayálégbé á ra á, á lẹ̀ ẹ́, á wá ní kí onílé yọ owó náà nínú owó ilé. Onílé á ní òun ò rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ti sọ fún onílé kó tó rà á, kó jẹ́ lórí ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Onílé náà kò gbọ́dọ̀ sọ téèpù di òrùlé. Bí páànù bá ti ń rún lábẹ́ ìka, tí téèpù ọdún yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó kọjá, páànù ló ń fẹ́, owó téèpù ọdún mẹ́ta mẹ́rin sì lè ti bu apá kan lára owó rẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ gidi wà níbí tí kò gba owó púpọ̀: àkàbà tó dúró dáadáa, búrọ́ọ̀ṣì onírin, spirit, sísọ́ọ̀sì àti róòlù téèpù mélòó kan. Ohun tó máa ya oníṣẹ́ kan sọ́tọ̀ ni kó padà wá wò ó lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ láìgba kọ́bọ̀. Oníbàárà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún á júwe rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí téèpù bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n má ya bébà ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀rá dì í kí eruku má wọ etí rẹ̀, kí wọ́n fi í lélẹ̀ gbalaja nínú yàrá tó tutù. Bó bá wà nínú búùtù ọkọ̀ tàbí ní ìta ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ oòrùn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á ti máa ṣàn jáde kí wọ́n tó tún nílò rẹ̀.